Ibn Battuta: Ọ̀dọ́mọkùnrin Tó Lálàá Pé Ẹyẹ Ń Gbé Òun Fò



Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ a máa sọ pé òun fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú, tàbí pé òun fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Mẹ̀dínà, àgbà tó bá wà nítòsí á sì fi ẹ̀rín pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Kì í ṣe pé àgbà náà kórìíra ọmọ. Ó wo àpò, ó wo ọ̀nà, ó sì rí i pé ibẹ̀ jìn. Ìtàn tí a mú wá lónìí jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó bá irú àgbà mìíràn pàdé. Nígbà tí yóò fi padà sílé, ó ti rìn débi tí ọ̀pọ̀ òpìtàn fi gbà pé kò sí arìnrìn-àjò kankan tí a mọ̀ ṣáájú rẹ̀ tí ó rìn tó o. Orúkọ rẹ̀ ni Ibn Battuta.

Ilé tí wọ́n bí i sí

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni Muhammad. Ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1304, nínú oṣù Rajab ọdún 703 lẹ́yìn Hijira. Etí òkun ni Tangier wà, níbi tí ilẹ̀ Áfíríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ Sípéènì. Ọmọ ẹ̀yà Berber ni, láti inú ìran tí wọ́n ń pè ní Lawata. Ilé onímọ̀ ni ilé wọn. Àwọn kádì, èyíinì ni àwọn adájọ́ tó ń fi òfin Sharia dájọ́, ti jáde nínú ẹbí náà. Ìlànà Imam Malik ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìlànà kan náà tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé títí di òní.

Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ọ̀nà ayé rẹ̀ ti là sílẹ̀. Yóò ké kéú, yóò kọ́ òfin, wọn yóò fi í jẹ kádì ní ìlú kan tí kò jìnnà, yóò fẹ́ ìyàwó, yóò bímọ, yóò sì sinmi sí ibi tí wọ́n sin àwọn bàbá rẹ̀ sí. Ayé tó dára ni ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ẹni rere ló gbé irú ayé bẹ́ẹ̀, tí Ọlọ́hun sì yọ́nú sí wọn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1325, ó kúrò nílé láti lọ sí Hájì. Ọmọ ọdún 21 ni. Kò ní ẹnìkejì tí wọn yóò jọ máa sọ̀rọ̀ lọ́nà, kò sì sí ọ̀wọ́ èrò tí ó lè dara pọ̀ mọ́. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, ìpínyà náà sì dun tọmọ tòbí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà lọ. Yóò ṣe Hájì, yóò ṣe àbẹ̀wò sí sàréè Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), yóò sì padà.

Ẹkún ní ìlú Tunis

Ọ̀nà náà kò fi àkókò ṣòfò kí ó tó dán an wò. Nígbà tí ó dé Bejaia, ní ilẹ̀ Àlùjíríà ti òde òní, ibà dá a wó. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń lọ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dúró níbẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ó kọ̀. Ó ní bí Ọlọ́hun bá ti kádàrá ikú fún òun, kí ikú náà bá òun lójú ọ̀nà, kí ojú òun sì kọ sí Mẹ́kà. Ní àárín ọ̀nà, àìlera náà pọ̀ débi pé ó fi aṣọ láwàní so ara rẹ̀ mọ́ gàárì kí ó má baà já bọ́.

Nígbà tí wọ́n wọ Tunis, àwọn ará ìlú jáde wá kí àwọn tí wọ́n mọ̀ nínú àwọn èrò náà. Wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ara wọn. Kò sí ẹnì kan tó kí Ibn Battuta, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó sì sunkún kíkorò. Ẹnìkan nínú àwọn tó ń lọ sí Hájì rí i, ó sún mọ́ ọn, ó kí i, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ibí yìí sọ́kàn. Ẹni tí ayé ń pè ní ọba àwọn arìnrìn-àjò lónìí sunkún nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kí i. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyà líle, ẹsẹ̀ tí kò yà kúrò lójú ọ̀nà ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àgbà kan sọ sí i lọ́kàn

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1326, ó dé Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ó wọ̀ sí ilé onímọ̀ àti olùfọkànsìn kan tí wọ́n ń pè ní Burhan al-Din, arọ ni bàbá náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ́ àlejò rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bàbá náà wò ó, ó sì sọ fún un pé òun rí i pé ó fẹ́ràn láti máa rin ìrìn-àjò ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè. Ibn Battuta ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà wá ní kí ó bá òun kí arákùnrin òun Farid al-Din ní Índíà, kí ó bá òun kí Rukn al-Din ní ilẹ̀ Sind, kí ó sì bá òun kí Burhan al-Din mìíràn tó wà ní ilẹ̀ Ṣáínà.

Ẹnu ya ọmọ náà. Nínú ìtàn tí ó sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó jẹ́wọ́ pé títí di ọjọ́ yẹn, kò sí èrò Índíà tàbí Ṣáínà lọ́kàn òun rárá. Láti ọjọ́ yẹn ni èrò náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn tí kò sì jáde mọ́.

Kí ni bàbá yìí fún un? Kò fún un ní ọkọ̀, kò fún un ní ràkúnmí. Ìkíni lásán ló rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá rán níṣẹ́ sí ibì kan ti mọ̀ pé ibẹ̀ ṣeé dé. Bàbá náà ya àwòrán ayé tó gbòòrò sí ọkàn ọmọ ẹlòmíràn, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó dá a lójú pé ọmọ náà yóò débẹ̀.

Àlá orí òrùlé

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó gbọ́ ìròyìn sheikh kan, Abu Abdullah al-Murshidi, tó ń dá gbé nítòsí ìlú Fuwwa, nínú àgbègbè odò Náílì. Àwọn ènìyàn ńlá a máa wá kí i, kódà ọba ilẹ̀ Íjíbítì náà. Ibn Battuta lọ síbẹ̀. Sheikh gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún un lóúnjẹ, nígbà tí ìrun Alásárì sì tó, ó ti ọmọ ọdún 22 yìí síwájú pé kí ó ṣe ìmáàmù fún àwọn.

Ìgbà ooru ni. Sheikh ní kí ó gun òrùlé lọ sùn. Ó bá ẹní níbẹ̀, ó bá omi àlùwàlá àti omi mímu. Ní òru náà, ó lálàá. Ó rí ara rẹ̀ lórí apá ẹyẹ ńlá kan. Ẹyẹ náà gbé e fò lọ síhà Kíbílà, ó gbé e lọ síhà Yẹ́mẹ́nì, ó yí sí ìlà-oòrùn, ó lọ sí gúúsù, ó tún wá fò lọ jìnnà réré sí ìlà-oòrùn, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ilẹ̀ kan tó dúdú tó sì tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ ni ẹyẹ náà fi í sílẹ̀ sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sheikh ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àlá náà wá kí àlejò rẹ̀ tó la ẹnu. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un pé yóò ṣe Hájì, yóò ṣe àbẹ̀wò sí Mẹ̀dínà, yóò rin ilẹ̀ Yẹ́mẹ́nì, Ìráàkì, ilẹ̀ àwọn Túrkì àti Índíà. Ó ní yóò pẹ́ ní Índíà, yóò sì pàdé ẹnìkan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dilshad, ẹni tí yóò yọ ọ́ nínú ewu. Ó fún un ní oúnjẹ ọ̀nà àti owó díẹ̀, ó sì sìn ín jáde.

Àwa Mùsùlùmí kì í fi ọwọ́ rọ́ àlá rere sẹ́yìn. Inú Súrà Yusuf ni a ti rí ọmọdé kan tó lálàá ìràwọ̀ 11, oòrùn àti òṣùpá. Abdullah ọmọ Zayd ni a fi pípè ìrun hàn lójú oorun, tí Ànọ́bì wa sì fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fi wá sílẹ̀ láìkìlọ̀. Àlá kì í sọ ohun tí Sharia kọ̀ di ẹ̀tọ́, kì í sì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lá a. Láàárín àlá Ànọ́bì Yusuf àti ọjọ́ tí ó ṣẹ, kànga wà níbẹ̀, ẹrú wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà láàárín àlá Ibn Battuta àti ìmúṣẹ rẹ̀.

Ọ̀nà tó dí, ọ̀nà tó là

Ohun tó kọ́kọ́ pàdé ni ìdènà. Ó gba òkè Íjíbítì lọ sí èbúté Aydhab létí Òkun Pupa, kí ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Mẹ́kà. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìyẹn ìbá tó fún láti sọ pé Ọlọ́hun kò fẹ́ ẹ. Ibn Battuta yí padà, ó tún gbogbo ọ̀nà náà rìn, ó gba Káírò kọjá sí Jẹrúsálẹ́mù, ó dé Damascus nínú oṣù Ramadan, ó sì bá ọ̀wọ́ àwọn èrò Hájì ilẹ̀ Síríà lọ. Ọdún 1326 náà ló ṣe Hájì àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀.

Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ nítorí Mẹ́kà ti dé Mẹ́kà. Ó lè padà sílé wàyí. Ṣùgbọ́n ìkíni mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì jẹ́, ẹyẹ náà kò sì tíì balẹ̀. Ó lọ sí Ìráàkì àti ilẹ̀ Páṣíà, ó padà wá gbé Mẹ́kà láti kẹ́kọ̀ọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi gba Yẹ́mẹ́nì lọ sí Mogadishu, Mombasa àti Kilwa ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó rin ilẹ̀ Túrkì já, ó dé Constantinople, ó la àárín gbùngbùn Éṣíà kọjá, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1333, ó dé odò Indus, ẹnu ọ̀nà Índíà.

Ní Delhi, ọba Muhammad bin Tughluq gbà á, ó sì fi í jẹ kádì. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 12,000 dínárì lọ́dún. Ìlànà Imam Abu Hanifa ni wọ́n ń tẹ̀lé níbẹ̀, èdè Páṣíà sì ni èdè ààfin, àmọ́ ọmọ Tangier yìí ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọba náà lawọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó bínú sí sheikh kan tó sì pa á, wọ́n fi Ibn Battuta náà sábẹ́ ìṣọ́ nítorí pé ó ti lọ kí sheikh ọ̀hún rí. Ààwẹ̀ àti àdúà ló fi gba ọjọ́ wọ̀nyẹn kọjá. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó fi ohun ìní rẹ̀ ṣe sàráà, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ olùfọkànsìn kan fún oṣù márùn-ún. Ibẹ̀ ni ọba ti ránṣẹ́ sí i. Ohun tí ó gbọ́ láti ẹnu ọba ni pé kí ó lọ ṣe aṣojú òun lọ́dọ̀ ọba ilẹ̀ Ṣáínà.

Ẹni tó ń jẹ́ Dilshad

Wọ́n kó ẹ̀bùn rẹpẹtẹ lé e lọ́wọ́, ẹṣin 100 wà nínú rẹ̀. Wọn kò tíì jìnnà sí Delhi tí ogun fi dé bá wọn nítòsí ìlú Koil. Ibn Battuta ya kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì bọ́ sọ́wọ́ nǹkan bí 40 ọlọ́ṣà. Wọ́n gba gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ pa á. Nígbà tí Ọlọ́hun yóò yọ ọ́, àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ ọ dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi rìn kiri nínú igbó, ewé ló ń jẹ, ó ń sá fún ènìyàn. Nígbà tó yá, kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́.

Ẹ̀bá kànga kan ló wà, tí ó ń fi bàtà rẹ̀ fa omi, nígbà tí ọkùnrin dúdú kan yọ sí i pẹ̀lú ọ̀pá àti kete omi. Ọkùnrin náà sálámà sí i, ó fún un ní ẹ̀wà àti ìrẹsì jẹ, ó sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Muhammad ni òun. Òun náà béèrè ti ọkùnrin yẹn, ó sì dá a lóhùn lédè Lárúbáwá pé Ọkàn Aláyọ̀ ni òun ń jẹ́. Nígbà tí Ibn Battuta kò lè rìn, ọkùnrin náà gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ní kí ó máa ṣe ìrántí Ọlọ́hun. Oorun gbé e lọ. Nígbà tí ó jí, ó ti wà ní abúlé tí ènìyàn wà, kò sì rí ọkùnrin náà mọ́.

Ìgbà náà ló rántí ọ̀rọ̀ sheikh Fuwwa. Nínú èdè Páṣíà, Ọkàn Aláyọ̀ ni ìtumọ̀ Dilshad. Nǹkan bí ọdún 15 ti kọjá láti òru orí òrùlé yẹn.

Ohun tí òkun gbà lọ́wọ́ rẹ̀

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí àdánù mìíràn fi dé. Ní èbúté Calicut, wọ́n ti di gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi tí yóò lọ sí Ṣáínà. Ibn Battuta dúró sí orí ilẹ̀ nítorí kí ó lè kí ìrun Jímọ̀. Ìjì jà, ó fọ́ ọkọ̀ tó kó ẹ̀bùn ọba, àwọn èrò inú rẹ̀ sì kú. Ọkọ̀ kejì, tó kó ẹrù àti àwọn ènìyàn tirẹ̀, ta ìgbòkun ó sì lọ láìdúró dè é. Ohun tó kù lọ́wọ́ aṣojú ọba kò ju dínárì 10 àti ẹní tí ó ń tẹ́ sùn lọ.

Kò lè padà sí Delhi, nítorí ó mọ ohun tí ọba náà lè ṣe. Ó lọ sí àwọn erékùṣù Maldives, wọ́n tún fi í jẹ kádì níbẹ̀. Ó dé Ceylon, ó dé Bengal, ó dé Sumatra, ó sì gúnlẹ̀ sí èbúté Quanzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn onímọ̀ kan lóde òní ń ṣiyèméjì nípa bí ó ti wọ inú ilẹ̀ Ṣáínà jìnnà tó, ṣùgbọ́n ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé òun jẹ́ ìkíni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí bàbá Alexandria rán òun. Ó tún ní ní ìlú kan ní Ṣáínà, òun pàdé onímọ̀ kan tó wá láti Ceuta, ìlú tí kò jìnnà sí Tangier rárá. Wọ́n wo ara wọn títí, àwọn méjèèjì sì sunkún. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó wọ̀ sí ilé arákùnrin ọkùnrin yìí ní Sijilmasa, létí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ wo bí ẹ̀sìn kan náà àti ìmọ̀ kan náà ṣe so ọmọ ìyá méjì pọ̀ láti òpin ayé kan dé èkejì.

Iye tí àlá náà ná an

Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé èrè nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé Damascus ní ọdún 1348, ó béèrè ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú láti ọdún 12 sẹ́yìn. Níbẹ̀ náà ló ti gbọ́ pé bàbá òun ti kú láti ọdún 15. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ọdún náà ń pa ènìyàn bí ẹni ń gbálẹ̀ káàkiri Síríà àti Íjíbítì. Ó tún Hájì ṣe, ó sì kọjú sílé. Ó ti dé Mòrókò tán kí ó tó gbọ́ pé àrùn náà ti pa ìyá rẹ̀ kí òun tó dé. Sàréè rẹ̀ ló lọ bẹ̀ wò ní Tangier.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì fẹ́ tó kọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí i tọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a ń yìn, a kò ní kí ọmọ wa kó gbogbo ìwà rẹ̀. Ẹni tó bá ń lé ohun ńlá, kí ó máa bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó fi sílẹ̀. Lóde òní tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ọmọ tó wà ní òkè òkun kò ní àwáwí níwájú ìyá rẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ wa náà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1352 ó tún gbéra, ó la Sàhárà kọjá. Ó gba Taghaza, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta iyọ̀ mọ ilé, tí wọ́n sì ń fi awọ ràkúnmí bo òrùlé. Ó dé ilẹ̀ Málì nígbà ìjọba Mansa Sulayman, arákùnrin Mansa Musa. Wọ́n sọ fún un pé ẹ̀bùn ọba ń bọ̀. Ó dìde, ó ń retí aṣọ ńlá àti owó. Ohun tí wọ́n gbé dé ni búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran màlúù tí wọ́n fi òrí dín, àti wàrà kíkan nínú igbá. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Síbẹ̀, kò fi ìyẹn bo ohun rere tó rí. Ó jẹ́rìí sí i pé wọn kì í rẹ́ ènìyàn jẹ, pé ọkàn arìnrìn-àjò balẹ̀ ní ilẹ̀ náà, pé wọn kì í fi ìrun ṣeré, pé ẹni tí kò bá tètè lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ kò ní rí àyè, àti pé ẹni tí kò ní ju ẹ̀wù kan tó ti gbó lọ yóò fọ̀ ọ́ kí ó funfun fún Jímọ̀. Ó rí àwọn ọmọ kádì kan tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè lọ́jọ́ Ọdún nítorí pé wọn kò tíì há Kùránì sórí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so orúkọ Ìmàle tí wọ́n ń pe Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá mọ́ ilẹ̀ Málì yìí. Ìwé rẹ̀ wà lára àwọn ẹ̀rí tó ṣọ̀wọ́n jù tí ẹlẹ́rìí ojú kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀sìn Islam ní apá ibi tiwa ní ayé ìgbà yẹn.

Ọmọ tí kò rí àgùntàn rí

Ní ọdún 1354 ó padà dé Fez. Ọba Abu Inan pàṣẹ pé kí ó sọ gbogbo ohun tó rí, kí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ibn Juzayy sì máa kọ ọ́. Àwọn olè orí omi ti gba àwọn ìwé tó kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Índíà, orí ló fi ń rántí èyí tó pọ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1355, ìwé náà parí. Rihla ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn Fez ní irọ́ ló ń pa. Ibn Khaldun, òpìtàn ńlá nì, jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, òun náà sì ń ṣiyèméjì. Ó bá olóyè ààfin kan sọ ọ́. Olóyè náà ní kí ó má sọ pé ohun kan kò sí nítorí pé òun kò rí i. Ó wá pa ìtàn kan fún un. Wọ́n ju olóyè kan sẹ́wọ̀n pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kékeré, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì dàgbà sí. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé ẹran kí ni àwọn ń jẹ. Bàbá ní ẹran àgùntàn ni, ó sì ṣàpèjúwe àgùntàn fún un. Ọmọ náà béèrè bóyá ó jọ eku. Bàbá ní báwo ni eku ṣe lè jọ àgùntàn! Ṣùgbọ́n eku nìkan ni ẹranko tí ọmọ náà rí rí nínú ẹ̀wọ̀n. Ibn Khaldun gbà, ó sì kọ ìtàn náà sínú Muqaddimah rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkàn ọmọ kì í yàwòrán ohun tí kò ní ibi tí yóò ti mú un. Bí gbogbo ohun tí ọmọ bá ń gbọ́ nílé bá jẹ́ pé ọ̀nà dí, pé ẹni bíi tiwa kì í débẹ̀, eku ni yóò máa fi díwọ̀n àgùntàn. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà Íjíbítì méjì yẹn ṣe kò ná wọn ní púpọ̀. Ọ̀kan rán ọmọ náà ní ìkíni. Ìkejì ti ọmọ náà síwájú láti ṣe ìmáàmù, ó gbọ́ àlá rẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ sí rere, ó sì fún un ní oúnjẹ ọ̀nà. Èyí tó kù, ẹsẹ̀ ọmọ náà àti àánú Ọlọ́hun ló ṣe é.

Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ ohun ńlá fún yín lálẹ́ òní, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ béèrè ohun tó rí nínú rẹ̀. Ẹ wá ìwé tó sọ nípa rẹ̀ fún un, ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ sọ fún un pé ibà wà lọ́nà, ẹkún wà lọ́nà, ọ̀nà mìíràn sì wà bí ti àkọ́kọ́ bá dí. Ẹ kọ́ ọ kí ìrun má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrun Jímọ̀ ló fi Ibn Battuta sórí ilẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fọ́.

Ìdí iṣẹ́ kádì ní Mòrókò ló wà títí ó fi kú, ní nǹkan bí ọdún 1368 tàbí 1369. Iṣẹ́ tí ilé wọn ti là sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ló padà sí. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó rìn ju kìlómítà 100,000 lọ, nígbà tí kò sí mọ́tò tàbí bàálù. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú Tangier ń jẹ́. Láti ìlú tí ọmọ náà ti dá rìn jáde, àwọn ẹyẹ onírin ń gbé ènìyàn fò lójoojúmọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlá rere sí ọkàn àwọn ọmọ wa, kí Ó fún wọn ní ẹsẹ̀ tí yóò rìn ín dé òpin, kí Ó sì dá ẹ̀mí àwa òbí sí láti rí àbọ̀ wọn. Àmín.